Ìrìn Àjò Dókítà Ìbídùn sí Ìlú Àfagilé

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó húkọ́ nísinsìnyí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀, kó lọ kó padà wá, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti bá ẹfọ̀n jìjàkadì, mo ti sùn sórí igi tí ejò ń sùn sí, ẹ̀rù ò bà mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, tí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ṣì ń já. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, máa rẹ́rìn-ín lọ. Wàá gbọ́.

Ìbídùn Láṣebìkan ni obìnrin náà ń jẹ́. Dókítà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú dókítà tó ń gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́. Onímọ̀ físíìsì ni, ní yunifásítì tó wà lẹ́yìn igbó wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wádìí àwọn nǹkan tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, àwọn nǹkan tó lè wà níhìn-ín kí wọ́n tún wà lọ́hùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ti yọjú wò wọ́n, kíá, wọ́n á fi ibì kan sílẹ̀, wọ́n á dúró sí ibì kan ṣoṣo. Kúáńtọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe ìmọ̀ náà. Ẹ má bi mí pé báwo. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọdẹ tó mú un wọ igbó, ọdẹ náà sì sọ fún un pé ó yé òun. Irọ́ ló pa.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lo yàrá ìwádìí kan náà ni Kúnmi Ṣówándé. Òun kì í wo ẹyọ kan ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń wò: bí eèrà ṣe ń tò láìsí ẹni tó ń pàṣẹ fún wọn, bí ọ̀wọ́ lékèélékèé ṣe ń yí padà lójú ọ̀run bí ẹni pé ẹyẹ kan ṣoṣo ni wọ́n, bí odidi ọjà ṣe lè tú ká nítorí pé ẹnì kan sáré. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn méjèèjì fi jọ ṣiṣẹ́. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń bú jẹnẹrétọ̀ yunifásítì, wọ́n sì mọ ohun tí èkejì fẹ́ sọ kó tó yanu.

Ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá náà tó gbọ́dọ̀ tutù ju yìnyín lọ. Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n rọ sínú àgbá irin ni wọ́n fi ń mú un tutù. Afẹ́fẹ́ náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ń jò, á lé afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí jáde kúrò nínú yàrá láìsí ẹni tó máa fura. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wo ojú aago tó wà lára àgbá yẹn, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe kù tó, ní wákàtí wákàtí, tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n tí wọ́n bá rí sínú ìwé.

Àwọn onímọ̀ yìí sì ní àṣà kan. Wọn kì í gba nǹkan gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n á wọ̀n ọ́n títí á fi sú ẹni tó ń wò wọ́n. Tí ìwọ̀n kan bá wá yapa pátápátá sí àwọn yòókù, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló ṣì í, wọ́n á mú bírò pupa, wọ́n á fagi lé e. Wọn ò kà á sí jìbìtì o. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìbídùn wo ojú aago àgbá, ìwọ̀n tó rí sì ti lọ sílẹ̀ jìnnà sí gbogbo èyí tó wà nínú ìwé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi àbọ̀ iṣẹ́ wọn ránṣẹ́, gbogbo ìlà inú rẹ̀ sì tọ́ gbọnrangandan. Ó kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀, ó wò ó, ó mú bírò pupa, ó fagi lé e. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, Ṣówándé nìkan wọ yàrá náà, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ìbídùn ló fà á jáde. Láti ọjọ́ náà ni Ṣówándé ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsíbítù, tí ẹ̀rọ ń bá a mí, tí kò lajú, tí kò sọ̀rọ̀.

Gbogbo yunifásítì ń yin Ìbídùn pé akin ni. Rísíkàtù, ìyàwó Ṣówándé, ń kúnlẹ̀ fún un lójoojúmọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ ṣe gba ọkọ mi, Ọlọ́run á gba ẹ̀yin náà." Ìbídùn á ní "Àmín". Kò sí ẹni tó tíì ṣí ìwé yẹn wò. Tí fóònù rẹ̀ bá dún, á fò dìde. Ìdí rẹ̀ ò gba ìjókòó.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, àwọn dókítà ọsíbítù sọ fún Rísíkàtù pé tí ọkọ rẹ̀ ò bá fi ara rẹ̀ mí láàrin ọjọ́ méje, àwọn máa pa ẹ̀rọ náà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Ìbídùn dé ilé ọdẹ, tòun ti bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀. Ó ti gbọ́ pé èémí tó bá fi ara sílẹ̀ láìtọ́jọ́, ìlú kan nínú igbó Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni í sá lọ.

"Bàbá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

"Ta lo pa?" ni ọdẹ bi í.

"Kò tíì kú," ló dáhùn.

Mi ò ní dárúkọ ọdẹ yẹn o, torí mi ò fẹ́ràn kí ènìyàn máa yin ara rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ó ga bíi tèmi, ó láyà bíi tèmi, ó sì rẹwà bíi tèmi. Ẹ̀yin náà ẹ wò mí dáadáa, kí ẹ tó máa wo ara yín bẹ́ẹ̀ yẹn.

Wọ́n wọ igbó. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọ̀nà fi pín sí méjì, iwin kan sì jókòó síbi tó ti pín. Olójú-Ọgọ́rùn-ún ni orúkọ rẹ̀. Ojú wà lórí rẹ̀, ojú wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ojú wà ní orúnkún rẹ̀ méjèèjì, gbogbo wọn ń ṣẹ́jú.

"Ẹni tó bá gba ọ̀tún, mo máa ń pa á jẹ," ni iwin náà wí. "Ẹni tó bá gba òsì, mo máa ń pa á jẹ. Ó yá, mú ọ̀kan."

Ọdẹ ti gbé ìbọn lé èjìká. Ìbídùn dì í lápá mú. Ó fi ohùn tín-ín-rín béèrè pé, "Tí mo bá gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?"

Iwin bú sẹ́rìn-ín. "Kò sí ọmọ ènìyàn tó ṣe é rí!"

"Torí pé ẹ̀ ń wò wọ́n ni," ni Ìbídùn wí. "Ohun tí a ò bá wò lè gba ọ̀nà méjì. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn. Ẹ di ojú yín, gbogbo ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wá wò ó bóyá irọ́ ni mò ń pa."

Ìwádìí á máa wu àwọn iwin pẹ̀lú. Ó di gbogbo ojú rẹ̀. Ìbídùn ní kí ọdẹ náà di tirẹ̀, òun náà sì di tirẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó ń gbọ́ ewé gbígbẹ tó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó sì ń gbọ́ omi tó ń ta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lósì, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ èwo ni òun. Ẹ̀rù bà á pé òun ò ní lè kó ara òun jọ mọ́. Àfi bó ṣe mọ̀ ọ́n lára tí nǹkan kan ń fà á tipátipá sí ọ̀tún.

"Ojú orúnkún!" ló pariwo. "Ojú orúnkún kan ń yọjú wò! Ẹ pa á dé!"

Iwin fi ìtìjú pa á dé. Bí Ìbídùn ṣe kọjá nìyẹn. Ọdẹ náà kọjá ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó forí gbá igi ní ọ̀nà méjèèjì, ibi méjì ló sì wú lórí rẹ̀. Ẹ má wo iwájú orí mi. Ọ̀rọ̀ ọdẹ yẹn ni mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé ìlú kan tí kò ní ọba, tí kò ní ìjòyè. Ẹ-Wo-Tẹnìkejì ni wọ́n ń pè é. Tí ẹnì kan bá jókòó níbẹ̀, àwọn tó yí i ká á jókòó. Tó bá họ orí, wọ́n á họ orí. Kò sí ìjà, kò sí ariwo, títí ọdẹ yìí fi sín. Ó sín báyìí: hàpṣọ́ọ̀! Obìnrin kan fò sókè. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fò sókè. Kí ẹ tó pajú pẹ́, gbogbo ìlú ti ń sáré, wọ́n ń ya bọ̀ bí omi odò tó kún, wọ́n sì fẹ́ tẹ àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀ pa.

Ọdẹ ní kí wọ́n gun igi. Ṣùgbọ́n ohun tí Ṣówándé máa ń wí sọ sí Ìbídùn lọ́kàn. Ó máa ń ní, "Kò sí lékèélékèé tó ń wo gbogbo ọ̀wọ́. Àwọn tó sún mọ́ ọn nìkan ló ń wò." Ni Ìbídùn bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàrin eruku. Ó mú ọsàn kan jáde nínú báàgì, ó mú ọ̀bẹ, ó sì ń bó o. Ọ̀bẹ gé e níka. Ó fi ìka náà sẹ́nu, ó ń lá ẹ̀jẹ̀ bí ẹni tó ń lá omi ọsàn. Ọkùnrin kan tó ti fẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wò ó, ó dúró. Ó jókòó. Ẹni méje jókòó. Lẹ́yìn náà, ìjókòó náà ń tàn lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn títí tí gbogbo ìlú fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọdẹ ní, "Dókítà, o ṣe gudugudu méje!"

Omi bọ́ lójú Ìbídùn. "Kì í ṣe èmi," ló wí. "Ṣówándé ló gbà wá yẹn. Èmi tí mo fi í síbi tó wà, òun ló ṣì ń gbà mí." Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ bírò pupa fún ọdẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, wọ́n dé ìlú tí wọ́n ń wá. Ìlú Àfagilé. Gbogbo ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ayé ti fagi lé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wọn nǹkan, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti di ènìyàn. Arúgbó wà nínú wọn, ìkókó wà nínú wọn, ìlà kan sì gba ojú olúkúlùkù kọjá láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí Ìbídùn ṣe wọlé, gbogbo wọn yí ojú sí i. Wọ́n mọ irú ẹni tó jẹ́.

Ọba wọn jókòó lábẹ́ igi ìrókò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí àga kékeré, ni èémí Ṣówándé jókòó sí. Ó rí bí èéfín, ṣùgbọ́n ojú Ṣówándé ni ojú rẹ̀. Ìbídùn pè é, "Kúnmi! Kúnmi!" Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń pe òun.

"Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ló mú un wá," ni ọba wí. "Ìwọ lo sì lé ọmọ náà wá síbí. Mú un jáde láàrin wọn, kí o máa mú ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Tí o bá fọwọ́ kan èyí tí kì í ṣe òun, ọ̀rẹ́ rẹ di ará ìlú wa."

Ìbídùn wo èrò tó lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mú ìwé jáde, ó ní kí wọ́n tò lẹ́gbẹẹgbẹ́, kí òun wá ibi tí àárín wọn wà kí òun lè mọ èyí tó yapa sí i, kí òun tún kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá òun lójú.

Gbogbo ìlú kígbe. Ọba dìde dúró. "Àárín wo? Ohun tó lé wa kúrò nílé rèé, o tún gbé e tọ̀ wá wá? Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló wà níbí. Gbé ìwé yẹn sọ nù! Ẹ̀ẹ̀kan lo máa wò, ẹ̀ẹ̀kan lo máa fọwọ́ kàn."

Ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ Ìbídùn. Ó béèrè àwọn tó ti yàrá ìwádìí tiwọn wá, nǹkan bí ogójì jáde. Ó béèrè àwọn ti àgbá irin, ó ku obìnrin mẹ́rin. Wọ́n jọra bí ìbejì, ìlà pupa gba ojú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá. Ó gbìyànjú láti rántí ìwọ̀n tó rí láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò rántí. Ọgbọ̀n ni àbí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n? Gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹni tí kì í gba ohun tó rí gbọ́ títí yóò fi rí i ní ìgbà ẹgbẹ̀rún!

Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ padà síbi tí kò fẹ́ kó padà sí rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ló rántí. Nígbà tó ń fagi lé ìwọ̀n yẹn, nǹkan kan gún un láyà pé, "Lọ wo àgbá yẹn wò." Ó gbé bírò sókè. Ó dúró bí ìgbà tí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá sọ fún ọkàn rẹ̀ pé kó dákẹ́, ó gbé bírò kalẹ̀ padà, ó fà á parí. Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọdẹ. Kò tíì sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó wò wọ́n. Ìlà ojú obìnrin kẹta já láàrin, níwọ̀n orí abẹ́rẹ́. Ó fọwọ́ kàn án.

"O pẹ́," ni obìnrin náà wí.

Ìbídùn dojú bolẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Obìnrin náà ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní, "Èémí ọ̀rẹ́ rẹ á máa tẹ̀lé ọ. Ṣùgbọ́n kò ní wọ ara rẹ̀ padà títí o fi máa sọ fún ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ, pé o rí mi, pé o ṣiyèméjì, pé o sì fagi lé mi."

"Ṣé mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà?" ni Ìbídùn béèrè. "Ṣé mi ò lè sọ fún ọ̀gá yunifásítì? Kí wọ́n lé mi níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, kí n má ṣáà sọ fún obìnrin yẹn."

"Obìnrin yẹn ni," ni obìnrin kẹta náà dá a lóhùn.

Ọ̀nà àbọ̀ kì í gùn nínú irú ìtàn báyìí, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gùn lójú Ìbídùn. Ó ń mọ èémí Ṣówándé lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó tutù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń tún ọ̀rọ̀ náà tò. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Bàbá, tí mo bá sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, tí mi ò fara balẹ̀ wò ó ńkọ́? Ìyẹn náà jọ òótọ́." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ gbóná lójijì. Èémí ti ń fà sẹ́yìn. "Mo rí i!" ló kígbe. "Mo rí i dáadáa! Kúnmi, má lọ!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó tún tutù.

Ọ̀sán ọjọ́ keje ni wọ́n dé ọsíbítù. Rísíkàtù wà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Bó ṣe rí Ìbídùn, ó sáré pàdé rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Níbo lẹ lọ láti ọjọ́ yìí? Ẹ wo bí ẹ ṣe rù. Mo gbé mọ́ínmọ́ín pa mọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n..."

"Dìde, Rísíkàtù," ni Ìbídùn wí. "Má kúnlẹ̀ fún mi. Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ìwọ̀n àgbá ti lọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fagi lé e. Mi ò sọ fún Kúnmi."

Rísíkàtù ò tíì dìde. "Ẹ ò mọ̀ pé àgbá ló ń jò. Ẹ rò pé ẹ̀rọ ló ṣì í."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ilẹ̀kùn tí obìnrin yẹn ṣí sílẹ̀ fún un! Ì bá kàn mi orí ni. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti ń gbóná.

"Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n lọ wò ó," ni Ìbídùn wí. "Mo dúró, mo rò ó. Mi ò fẹ́ kó ba iṣẹ́ wa jẹ́. Mo sì fagi lé e."

Rísíkàtù wò ó. Ó rọra di ògiri mú, ó dìde. Nínú wọ́ọ̀dù, ẹnì kan húkọ́, ikọ́ gbígbẹ, ikọ́ ẹni tó pẹ́ tí kò ti lo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan pariwo. Àwọn nọ́ọ̀sì yòókù sáré, Rísíkàtù sáré, ó ń ké "Kúnmi! Kúnmi mi!", ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ìbídùn dúró síbi tó wà, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọrùn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ó pẹ́ kí Rísíkàtù tó jáde, ọdẹ sì ti wọlé ròyìn ìrìn àjò náà fún un. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ mú un padà wá," ló wí. "Ẹ má wá ibi tí a bá wà mọ́."

"Mo gbọ́," ni Ìbídùn wí.

Rísíkàtù wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìbídùn ò lè lọ, kò sì lè kan ilẹ̀kùn. Ó ń gbọ́ ohùn Ṣówándé nínú yàrá, ohùn tó há, tó ń béèrè pé Ìbídùn dà, ṣé kì í ṣe pé ó wọ inú yàrá yẹn, ṣé nǹkan kan ò ṣe é. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó tún béèrè.

Ó parí. Ẹ gbé àga yín, kí olúkúlùkù máa lọ sílé, ẹ má sì bi mí ní ìbéèrè kankan lónìí.